Mo Lọ Ṣe Intafíù fún Ọ̀rẹ́ Mi, Mo sì Jókòó Sórí Àga Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ń gba Arámọkọ kọjá tí ẹ sì gbọ́ tí ẹnìkan ń pè mí ní Pius, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Olúdayọ̀ ni bàbá mi sọ mí ní Ìjurin, níbi tí ó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Bí mo ṣe di Pius ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń wá iṣẹ́, ojú sì ń pọ́n yín. Ojú ń pọ́n èmi náà nígbà yẹn.

Ọdún 1985 ni. Ìjọba ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, ẹni tó bá sì ríṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń lọ kí i bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Pius Ọmọ́tọ́ṣọ́, ọmọ Ara-Èkìtì. Ìjẹ̀rò la ti jọ ka ìwé mẹ́wàá. Pius gbọ́n. Ó lọ sí pólì, ó sì jáde pẹ̀lú èsì tó mú kí àlùfáà ìjọ Kátólíìkì wọn dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Èmi náà lọ sí pólì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa lọ sílé kí n tó parí.

Ohun kan ló ń yọ Pius lẹ́nu. Bí ó bá ti dé iwájú àwọn tí kò mọ̀, ẹnu rẹ̀ a há. Kì í ṣe akólòlò. Bí a bá jọ jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ bíi tèmi bíi tìrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ ṣe intafíù l'Ákùúrẹ́, wọ́n bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó yọ sátífíkéètì rẹ̀ jáde, ó sì nàka sí ibi tí orúkọ náà wà. Ní ibòmíràn, wọ́n bi í pé kí ló dé tí àwọn yóò fi gbà á. Ó fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú, ó dìde, ó sì wálé.

Èmi ní tèmi, ẹnu ni mo ní. Ẹnu nìkan náà ni.

Ní àkókò yìí ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní ẹ̀yìn Arámọkọ wá ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ọjà wọn. Ìwé ẹ̀rí pólì ni wọ́n béèrè. Pius gbé ìwé ìròyìn náà wá bá mi ní Ìjurin.

Èmi ni mo bá a kọ ìwé ìwáṣẹ́. Èmi náà ni mo bá a ṣe ìwé tí a to ìtàn ayé rẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní sí-fíì. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ènìyàn fẹ́ràn láti máa ṣe, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ìwé kíkà, ìrìn-àjò, àti bíbá àjèjì sọ̀rọ̀.

Pius kà á. Ó wò mí.

"Bíbá ta ni sọ̀rọ̀?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn," ni mo wí.

A gbé e lọ fún obìnrin tó ń tẹ̀wé ní Ìjẹ̀rò. Kò pẹ́ tí èsì fi dé pé kí Pius wá fún intafíù.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò. Mo fi gíláàsì bàbá mi sójú, mo so táì, mo jókòó sẹ́yìn tábìlì bí ọ̀gá. Pius jókòó sórí àpótí. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ fún wa nípa ara yín." Pius mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ gíláàsì yẹn ti tó. Òógùn bò ó. Ẹnu há.

Òun ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti fi dá ara mi láre.

"Dayọ̀, ṣé o kò lè lọ bá mi ṣe é?"

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

"Intafíù. Wọn kò mọ ojú mi. Ará Èkó ni àwọn tó ń bọ̀ wá bi wá, wọ́n á sì padà s'Ékòó. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá ti dé, èmi ni màá wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí àwa méjèèjì. Mo há gbogbo Pius sórí: orúkọ ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ará Èkó wà níjòókòó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n máníjà ibẹ̀ gan-an, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, tí a gbọ́ pé kò tíì dé, ti dé. Òun ló jókòó láàárín, òun kò sì ní bá wọn padà s'Ékòó.

Ó bi mí pé kí ló dé tí ọmọ tó lọ sí pólì fi fẹ́ wá ṣiṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ.

Mo ní, "Alàgbà, láti kékeré ni mo ti ń wo ojú adìyẹ tí ebi ń pa. Mo sì máa ń bi ara mi pé ta ni yóò bá wọn sọ ọ́."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọ̀kan lára àwọn ará Èkó náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Máníjà dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, o kò padà sílé mọ́. Òní lo bẹ̀rẹ̀."

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì kan tó ní fèrèsé méjì àti fáànù. Ó fún mi ní táì ilé-iṣẹ́ náà, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ya àkùkọ sí nídìí. Ó ní, "Jókòó." Mo jókòó. Àga náà ń yí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, àga yẹn ló bà mí jẹ́. N kò jókòó sórí àga tó ń yí rí. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ọkàn mi ń sọ pé, "Dayọ̀, dìde kí o sọ òtítọ́." Mo tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé mo lọ sí Ara-Èkìtì. Pius àti ìyá rẹ̀ ti ń retí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Báwo ni?" ni Pius béèrè.

Mo ní, "Wọn kò gbà wá. Ọmọ ọ̀gá kan ni wọ́n gbé e fún."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó gbá mi léjìká. "Má jẹ́ kó dùn ọ́. O sa gbogbo ipá rẹ." Ìyá rẹ̀ gúnyán fún mi nítorí wàhálà tí mo ṣe. Mo jẹ ẹ́.

Mo sọ fún àwọn ará ilé mi pé mo ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Arámọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jẹ́ Olúdayọ̀ ní Ìjurin, tí mo sì ń jẹ́ Pius ní Arámọkọ.

Kò rọrùn láti jẹ́ Pius. Bí wọ́n bá pè mí, n kì í tètè dáhùn, ìròyìn sì tàn kálẹ̀ pé etí mi kò gbọ́ dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé rí i nínú fáìlì mi pé Kátólíìkì ni mí, bí òun náà ti jẹ́, ló bá ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Máàsì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Èmi tí bàbá mi jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀. Bí wọ́n bá dìde, màá dìde. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Máníjà sọ fún àwọn ènìyàn pé èmi ni ẹni tí òun rí tó ń fara balẹ̀ jọ́sìn jù lọ. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà.

Ní ọjọ́ ìbí Pius, wọ́n ṣe kéèkì fún mi ní ọ́fíìsì. Mo ń jẹ ẹ́, ojú ọ̀rẹ́ mi sì ń wá sí mi lọ́kàn, pé ó wà ní Ara-Èkìtì, ó ń bá ìyá rẹ̀ ká kòkó, kò sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń kọrin fún òun.

Iṣẹ́ náà sì ń lọ dáadáa, kí n má purọ́. Wọ́n kọ̀wé láti Èkó pé Pius Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni òṣìṣẹ́ tó ta yọ jù lọ ní gbogbo apá ìhín. Máníjà fi gíláàsì bo lẹ́tà náà, ó fi kọ́ sára ògiri.

Nígbà tí ọjà pọ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ fẹ́ gba ẹnìkan sí i tí yóò máa mójú tó ilé ìkẹ́rùsí ní Ẹ̀fọ̀n. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìpolówó rẹ̀ fún ìwé ìròyìn. N kò ronú pé ìwé ìròyìn máa ń dé Ara-Èkìtì. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ìwé ìwáṣẹ́ ń wọlé, Ẹ̀fọ̀n ni mo wà. Máníjà ló tú wọn fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe padà dé, ó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ le.

"Pius, jókòó. Kí o má ṣe bẹ̀rù."

Ó tẹ́ ìwé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ni sí-fíì mi láti inú fáìlì. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà. Ìwé kíkà, ìrìn-àjò, àti bíbá àjèjì sọ̀rọ̀.

"Olè kan," ni máníjà wí, "ti jí ìgbésí ayé rẹ."

Mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi há.

Ó rò pé ìbínú ni. Ó ní, "Mo mọ bó ṣe rí lára rẹ. A ó pè é wá fún intafíù bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò bi í léèrè. Màá fi ọlọ́pàá sí yàrá kejì."

Mo sáré lọ sí Ara-Èkìtì lọ́jọ́ kejì láti yí Pius lọ́kàn padà. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níwájú igi ìbẹ́pẹ, ó ń sọ fún un pé, "Orúkọ mi ni Pius Ọmọ́tọ́ṣọ́."

Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó ní òun kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí òun kò fi sọ fún mi. Òun fúnra òun ni yóò lọ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní, "Pius, ilé-iṣẹ́ yẹn kò dára. Òórùn oúnjẹ adìyẹ yẹn máa ń pa ènìyàn."

"Ó sàn ju kí n jókòó sílé lọ. Ó dára bí o ṣe wá. Kọ́ mi. Bi mí ní ohun tí wọ́n máa bi mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti sọ̀rọ̀. Igi ìbẹ́pẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo jókòó, mo ń kọ́ ọ̀rẹ́ mi ní intafíù tí èmi fúnra mi ń bọ̀ wá ṣe fún un.

Ohun tó burú jù ni èyí. Mo rí i pé ó ti mọ orúkọ rẹ̀ í dá, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, "Má tètè máa dárúkọ rẹ. Àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní orúkọ, kọ́kọ́ dákẹ́, kí o rẹ́rìn-ín músẹ́."

Ó gbà mí gbọ́. Ó dákẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí igi ìbẹ́pẹ.

Ọjọ́ náà pé. Mo jókòó sí apá ọ̀tún máníjà, mo gbé fáìlì sójú. Wọ́n pe Pius wọlé. Ó wọ kóòtù àbúrò bàbá rẹ̀. Bí ó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó rò pé mo ti wá ọ̀nà dé ibẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́.

"Kí ni orúkọ rẹ?" ni máníjà bi í.

Pius dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Máníjà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "O rí i? Kò tilẹ̀ mọ orúkọ tó jí." Ó tún bi í. Pius tún rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi bóyá òun ń ṣe é dáadáa.

Máníjà lu tábìlì. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ yìí jẹ́ aláìnítìjú. Wò ó dáadáa, òun nìyí. Òun ni Pius Ọmọ́tọ́ṣọ́."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú Pius. Ó wo ọwọ́ tó wà léjìká mi. Ó wo táì alákùkọ. Ó gbójú sókè, ó sì ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, èyí tó ní orúkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Máníjà ní kí n bi í léèrè. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Kí... kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

Ọlọ́pàá ti wọlé. Ó ti di Pius lápá mú kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí. Ìyá arúgbó kan ló wọlé, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn pé kó dúró. Ìyá Pius ni. Kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ rẹ̀ lẹ́nu intafíù.

Kò rí ọlọ́pàá. Èmi ló rí.

"Háà, Dayọ̀. Ulé uṣẹ́ ibí ni o wà? Ọlọ́run ṣeun. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí." Ó yíjú sí máníjà. "Ọ̀gá, ẹ kú uṣẹ́ o. Ọmọ mi náà ni Dayọ̀ yìí. Òun ló kọ́ Pius ní gbogbo ohun tí ó máa sọ fún un yín."

Fáànù ń yí.

"Màmá," ni máníjà wí, "ta ni ẹ pè ní Dayọ̀?"

"Òun yìí. Ọmọ Tíṣà ní Ìjurin."

"Ta wá ni Pius?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. "Èyí tí ọlọ́pàá yín dì mú ni. Èmi ni mo bí i."

Ọlọ́pàá tú apá Pius sílẹ̀. Ó wo èmi, ó wo máníjà, ó ní, "Ọ̀gá, ta ni kí n mú?"

Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé bọ́ sórí àga, ó ṣí fáìlì mi, ó ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Òun ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló yìn mí fún àwọn ará Èkó. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Èkó, òun gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ lé. Nígbà tó gbójú sókè, ara rẹ̀ ti balẹ̀.

"Kò sí àṣìṣe kankan nínú fáìlì yìí," ni ó wí. "Orúkọ tọ́. Sátífíkéètì tọ́. Ìjọ tọ́. Ènìyàn inú rẹ̀ nìkan ni kò tọ́."

Ó nawọ́ sí mi. "Bọ́ táì."

Mo bọ́ ọ. Ó gbà á, ó so ó mọ́ Pius lọ́rùn fúnra rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, ó ti pẹ́ tí o ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. A ti fọwọ́ sí i pé o yege. Ìsinmi ọdún yìí nìkan ni o ti lò tán. Ọlọ́pàá, ẹ ṣeun, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan."

Ìyá Pius kò lóye gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé wọ́n ti gba ọmọ òun síṣẹ́. Ó yíjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyá mi, ẹ dìde," ni Pius wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò wo ojú mi.

Inú mọ́tò kan náà ni èmi àti ìyá náà bá padà sí Ìjẹ̀rò. Ó ní Pius yóò jẹun ní ọ́fíìsì, ó gbé kúlà náà lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n jẹ mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀. Mo jẹ ẹyọ kan. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn èrò, láti orí àga tó ń yí títí dórí igi ìbẹ́pẹ. N kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó gba kúlà rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, ó dé e, ó sì wo ojú fèrèsé títí a fi dé Ìjẹ̀rò. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, kò dágbére.

Mo padà sí Ìjurin, mo sọ fún bàbá mi. Ó ní kí n bá òun mú àdá. Oko kòkó ni mo wà fún gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn. Mo gbọ́ pé Pius ń ṣe dáadáa, pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Kò wá sọ́dọ̀ mi, èmi náà kò sì ní ojú tí màá fi lọ bá a.

Ní ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró alùpùpù níwájú ilé. Pius ni, pẹ̀lú táì alákùkọ. Kò kí mi. Ó fa ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ni, láti Èkó, tí wọ́n kọ sí Pius Ọmọ́tọ́ṣọ́. Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi kó ẹrù àwọn ará Ẹ̀fọ̀n fún àwọn ará Ìjẹ̀rò ní oṣù kan báyìí. Oṣù tí èmi ṣì wà níbẹ̀ ni. Èmi ni mo ṣe é.

"Ìwọ lo ṣe é," ni Pius wí. "Ìwọ ni kí o dáhùn."

Mo wá bébà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: mo gba ìwé yín, mo sì fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn. Mo kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dára. Mo kọ ọ́ pé ohun tí kì í ṣe ti ẹnìkan ni mo gbé fún un, tí ẹni tó ni ín sì ń dúró dè é. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti fà sẹ́yìn, nítorí mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ adìyẹ ni mò ń kọ mọ́. Pius ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sọ pé kí n dúró. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo tọrọ àforíjì nínú rẹ̀, mo sì ti bébà náà sí i pẹ̀lú gègé.

"Buwọ́ lù ú," ni mo wí.

Ó dá gègé padà fún mi. "Kọ orúkọ tìrẹ."

Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: Olúdayọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ gbẹ̀yìn.

Pius ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Ó tún fa bébà òfìfo kan yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi.

"Ó dáa," ni ó wí. "Wàyí, kọ èyí tí màá fi ránṣẹ́ s'Ékòó."